Orin Keje Tí Mo Kọ Nípa Ilé Wa

Eyín méjì ni orin keje gbà lẹ́nu mi. Ọ̀kan já bọ́ sílẹ̀ ní ibùdókọ̀ Kétu, lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì obìnrin tó ń ta bẹntiróòlù inú ìgò. Èkejì ń mì títí di ọjọ́ kẹta, mo wá fi ọwọ́ ara mi yọ ọ́. Àwọn ọmọ àbúrò bàbá mi ló lù mí. Àwọn mẹ́ta ni, mo sì mọ gbogbo wọn láti ìgbà tí wọ́n ti ń rákòrò. Èyí àbíkẹ́yìn, èmi ni mo máa ń pọ̀n ọ́n nígbà tí ìyá rẹ̀ bá lọ sí oko. Òun ló kọ́kọ́ fi ẹ̀ṣẹ́ bà mí lẹ́nu. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kọ èyí náà lórin."

Mi ò ní parọ́, ọ̀rọ̀ náà pa mí lẹ́rìn-ín nígbà tó yá, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn ẹ̀jẹ̀ ló kún ẹnu mi. Awakọ̀ tó gbé mi wá láti Kútọnu ti ju àpò mi sílẹ̀, ó ti sá wọ inú ọkọ̀. Àwọn ènìyàn dúró, wọ́n ń fi fóònù yà wá. Ẹnì kan ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má fi ẹsẹ̀ tẹ̀ mí lórí. Ẹlòmíràn ní kí wọ́n fi wá sílẹ̀, pé ọ̀rọ̀ ẹbí ni. Ohun tí wọ́n máa ń sọ lọ́dọ̀ wa nìyẹn nígbàkígbà tí wọ́n bá ń pa ènìyàn lọ: ọ̀rọ̀ ẹbí ni.

Rápù ni iṣẹ́ mi. Mo mọ ohun tí ẹ fẹ́ sọ, ìyá mi ti sọ ọ́ ṣáájú yín. Ó ní ṣé bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí ajá ń lé yìí ni àwọn ènìyàn jókòó tì, tí wọ́n ń pàtẹ́wọ́. Ọdún méjì ni mo fi ṣe àwo orin tí orin keje yìí wà nínú rẹ̀, nínú yàrá kan ní Kútọnu tí a fi fóòmù ìbùsùn bo gbogbo ògiri rẹ̀, tí ooru inú rẹ̀ tó se ẹyin. Orin méjìlá ló wà níbẹ̀, gbogbo wọn nípa ilé. Nàgó ilé wa ni mo fi kọ ọ́, kì í ṣe Yorùbá ti rédíò. Mo fi Faransé sí ibi tó bá kan ilé ìwé, mo sì fi Fọ̀n sí ibi tí mo bá fẹ́ bú ènìyàn.

Àwọn ẹgbẹ́ mi ní Kútọnu, ìbọn ni wọ́n máa ń kọrin nípa rẹ̀, ìbọn tí wọn kò fọwọ́ kàn rí. Èmi ní ohun tí mo bá rí ni mo máa sọ. Tíṣà wa ní Idigny, ìlú wa, máa ń gé táyà kẹ̀kẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́, á fi na àtẹ́lẹsẹ̀ wa, á sì ní kí a dúpẹ́ lọ́wọ́ òun ní Faransé. Bí o bá ṣi ìdúpẹ́ náà pè, o tún gba òmíràn. Bàbá mi, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere, so mí mọ́ igi mángòrò láti àárọ̀ títí oòrùn fi wọ̀, nítorí pé mo jẹ́ kí ewúrẹ́ wọ inú àgbàdo. Nígbà tó tú mi, ó gbé oúnjẹ síwájú mi, ó jókòó tì mí, ó ń wò mí bí mo ṣe ń jẹ, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Orin kẹta ni tirẹ̀. Mo fẹ́ràn bàbá mi, mi ò sì tíì mọ bí mo ṣe lè dárí igi mángòrò yẹn jì í.

Orin karùn-ún wà fún ọdún tí àwọn màlúù jẹ oko gbágùúdá wa tán, tí àwọn ọkùnrin ilé mú àdá, tí wọ́n gé iṣan ẹsẹ̀ màlúù mẹ́fà. Ohùn màlúù tí kò lè dìde mọ́ kì í kúrò létí ènìyàn. Lọ́jọ́ kejì àwọn tó ni màlúù padà wá, ará ilé wa méjì kò sì wálé láti oko. Bí a ṣe dàgbà nìyẹn. A tún ń ṣeré bọ́ọ̀lù, a tún ń jí mángòrò, a tún ń lọ sí ilé ìwé. Ẹni tó bá rò pé ọmọ tó dàgbà níbi tí ẹ̀jẹ̀ wà kì í rẹ́rìn-ín, kò mọ ọmọ.

Kí n tó dé orí orin keje, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun kan nípa àwọn ìyàwó ilé wa. Obìnrin tí a gbé wọ ilé kò gbọdọ̀ fi orúkọ pe ẹnikẹ́ni tí a ti bí sí ilé náà kí òun tó dé. Ọmọ ọ̀sẹ̀ kan tó wà lẹ́yìn ìyá rẹ̀ lọ́jọ́ ìgbéyàwó, ọkọ ìyàwó náà ni. Ìyàwó á wo ojú ẹnì kọ̀ọ̀kan, á wo ìwà rẹ̀, á fún un ní orúkọ tí òun nìkan á máa fi pè é títí ikú. Bí ìyàwó mẹ́jọ bá wà nínú ilé, ọkùnrin kan lè ní orúkọ mẹ́jọ tí kò sí nínú èyí tí wọ́n sọ ọ́ lọ́jọ́ kẹjọ. Bó bá wà nínú yàrá tó gbọ́ tí wọ́n ń pè é níta, ó ti mọ ìyàwó tó ń pè é kó tó yọjú.

Nígbà tí ìyá mi wọ ilé wa, àbúrò bàbá mi kò tíì ju ọmọ ọdún mẹ́rìnlá lọ. Ó máa ń pọn omi kún ìkòkò ìyá mi ní kùtùkùtù, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rán an. Ìyá mi fún un ní orúkọ kan tó dùn, orúkọ omi, orúkọ tí obìnrin fi ń dúpẹ́. Mi ò ní kọ ọ́ síbí. Mo ti fi sórin lẹ́ẹ̀kan, ẹ sì ti gbọ́ ohun tó fi eyín mi ṣe.

Bàbá mi kú nígbà tí mo wà ní ọmọ ọdún mọ́kànlá. Inú yàrá ìyá mi ni wọ́n sin ín sí, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe nílé wa. Nígbà tí ilẹ̀ gbẹ, ìyá mi tẹ́ ẹní sórí ibẹ̀, ibẹ̀ ló sì ń sùn. Àbúrò bàbá mi fẹ́ ṣú u lópó, ìyá mi ní òun ò fẹ́ ọkọ mọ́, àbúrò bàbá mi kò sì bínú. Ó fún un ní ilẹ̀ tó fi ń gbin gbágùúdá. Ó ra bàtà ilé ìwé fún mi. Mi ò sọ èyí nínú orin náà, ó sì yẹ kí n sọ ọ́.

Ìgbà tí a ń gbin iṣu ni ọ̀rọ̀ náà ṣẹlẹ̀. Mo ti pé ọmọ ọdún mẹ́tàlá. Láàárín oṣù kan, ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ti jí èbù àbúrò bàbá mi. Àgbẹ̀ tí wọ́n bá jí èbù rẹ̀, ọdún tó ń bọ̀ ni wọ́n jí lọ. Kì í sùn mọ́. Ojú rẹ̀ pọ́n, ó ń na àwọn ọmọ rẹ̀, ó ń na ajá.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ọkùnrin kan gun alùpùpù kọjá níwájú ilé wa, ó di àpò èbù méjì sẹ́yìn. Ará ìlú Odomèta ni, bí a ṣe wá gbọ́ lẹ́yìn náà, kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n nínú wa. Táyà rẹ̀ jò. Ó wọ agbo ilé wá, ó kí wa dáadáa, ó bèèrè bóyá a ní pọ́ńpù. Ìyá mi bu omi fún un. Ó ṣì ń mu omi náà lọ́wọ́ nígbà tí àbúrò bàbá mi wọlé láti oko, ó wo inú àpò, ó mú èbù kan, ó yí i, ó tún yí i.

Ó ní, "Mo mọ iṣu mi."

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, iṣu jọra wọn. Ọjà ni mo ti rà á." Bóyá ká ní kò rẹ́rìn-ín ni, mi ò mọ̀. Àbúrò bàbá mi gbá igbá omi mọ́ ọn lẹ́nu, igbá náà fọ́, ètè rẹ̀ sì là. Ó sọ pé olè ni. Ọ̀rọ̀ yẹn nìkan ló nílò. Àwọn ọkùnrin ilé ń ti inú yàrá jáde, wọn ò bèèrè ohunkóhun. Wọ́n fi bẹ́líìtì nà án, wọ́n fi ẹ̀rúkọ́ nà án títí ẹ̀rúkọ́ fi kán. Ó wọ́ lọ sí ẹsẹ̀ ògiri, wọ́n fà á padà. Ó ń bẹ̀ wá pé kí a pe ẹni tó ta iṣu náà fún òun. Ó ní ìyàwó òun lóyún. Ìyá mi ti dì mọ́ ẹsẹ̀ àbúrò bàbá mi, ó ń pè é ní orúkọ dídùn yẹn, ó ń pè é, ó ń pè é, bí ẹni ń jí ẹni tó sùn. Àbúrò bàbá mi fi ẹsẹ̀ ta á dànù.

Ó wá na ọwọ́ sẹ́yìn láìwẹ̀yìn, ó ní, "Ẹ fún mi ní nǹkan."

Èmi ni mo sún mọ́ ọn jù lọ. Ọmọ odó ìyá mi fara ti odó. Mo gbé e, mo fi lé e lọ́wọ́. Kò sí ẹni tó pè mí, kò sí ẹni tó fipá mú mi. Mo fẹ́ kó mọ̀ pé èmi náà ti di ọkùnrin. Kí n má tan yín, inú mi dùn nígbà tó gbà á lọ́wọ́ mi.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ló sọ ọ́ kalẹ̀. Lórí ìkínní, ọkùnrin náà ní òun kọ́. Lórí ìkejì, ó pe ìyá rẹ̀. Ìkẹta bà á ní ẹ̀gbẹ́ orí, ó dún bí ìgbà tí a bá fi ẹsẹ̀ fọ́ akèrègbè. Ojú rẹ̀ kan ṣí sílẹ̀. Èkejì ò sí níbi tó yẹ kó wà mọ́. Mo wo ọwọ́ mi, ìyẹ̀fun àgbàdo ló wà níbẹ̀.

Wọ́n gbé e sáàárín ènìyàn méjì lórí alùpùpù, wọ́n ń gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Ó kú lọ́nà, níbi tí igi kajú pọ̀ sí. Wọ́n tẹ́ ẹ sí ẹ̀bá ọ̀nà, wọ́n padà wá gbé alùpùpù rẹ̀, wọ́n fi òkúta fọ́ iná iwájú rẹ̀, wọ́n gbé e lé e lẹ́sẹ̀. Àwọn jándámù, ọlọ́pàá ìjọba, wá, wọ́n kọ ìwé, wọ́n lọ. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi tó jẹ́ baálé kó gbogbo wa jọ. Ó ní alùpùpù ló gbé e ṣubú, ẹni tí ẹnu rẹ̀ bá sọ nǹkan mìíràn, kí olúwarẹ̀ wá ilé mìíràn gbé. Ìyá mi fi eérú bo ẹ̀jẹ̀, ó gbá a, ó tún fi eérú bò ó. Lálẹ́ ó fi ọmọ odó rẹ̀ dáná. Oúnjẹ tó sè lórí rẹ̀, kò sí ẹni tó jẹ ẹ́.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, wọ́n tún jí èbù wa. Olè wa ti wà nínú ilẹ̀ ní Odomèta nígbà yẹn. Kò sí ẹni tó sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀, kódà àbúrò bàbá mi kò na ajá lọ́jọ́ yẹn.

Kí oṣù náà tó parí, ìyá mi rán mi lọ sí Kútọnu, lọ́dọ̀ ìbátan rẹ̀ kan tó ń tún fóònù ṣe. Mo sunkún láti Kétu títí dé Kútọnu. Ó ṣe mí bíi pé ó kórìíra mi. Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi gbé inú bíbí yẹn kiri, mo sì wá rí ibi tí màá sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sí.

Ọdún mẹ́rìndínlógún lẹ́yìn ọjọ́ yẹn ni mo kọ orin keje. Mo fẹ́ sọ òtítọ́, mi ò sì fẹ́ dárúkọ ẹnikẹ́ni. Mo rò pé mo gbọ́n. Ní gbogbo Kétu, kò sí ẹni tó ń fi orúkọ tí ìyá mi fún àbúrò bàbá mi pè é, nítorí náà mo fi orúkọ yẹn bò ó lójú. Mo ní kí ọmọbìnrin kan máa ké e lẹ́yìn ìlù, bí ìyá mi ṣe ké e lọ́jọ́ yẹn. Ọmọdé ni mí nígbà tí mo kúrò nílé. Ohun tí ọmọdé mọ̀ ni pé orúkọ yẹn, ti àbúrò bàbá mi ni. Ohun tí àgbà mọ̀ ni pé orúkọ yẹn, ti ìyá mi ni. Ẹni tó bá sọ̀kò sọ́jà, ará ilé rẹ̀ ní í bà. Èmi ò tiẹ̀ wo ibi tí mo ju òkò sí.

Ègbè orin náà lọ báyìí: ẹ bá mi kà á, ọ̀kan, ó ní òun kọ́, èjì, ó pe ìyá rẹ̀, ẹ̀ta, ó dákẹ́. Ní ẹsẹ kejì mo bú ìyá kan tó rí i, tó fi eérú bò ó, tó panu mọ́. Mo bú u dáadáa, ó sì dùn mọ́ mi. Èmi tí mo gbé ọmọ odó, mi ò sí nínú orin náà rárá. Mo kàn ní wọ́n gbé ọmọ odó wá. Akin ọkùnrin.

Orin náà ta. Àwọn zémíjàn tó ń fi alùpùpù gbé èrò ń gbọ́ ọ ní Kétu, àwọn ọmọ kọ́lẹ́ẹ̀jì ń jó o. Ìyàwó tó kéré jù nílé wa ló gbọ́ ọ lórí fóònù rẹ̀ níbi tí gbogbo àwọn obìnrin ti ń bó gbágùúdá. Nígbà tí orúkọ náà jáde, wọ́n dáwọ́ dúró, gbogbo wọn sì yíjú sí ìyá mi.

Ó pè mí ní àárọ̀ ọjọ́ kejì. Kò tiẹ̀ jẹ́ kí n kí òun tán. "Wọ́n ní èmi ni mo rán ọ. Wọ́n ní ta ló tún ń pè é bẹ́ẹ̀ ní gbogbo ayé. Ìpàdé wà lọ́jọ́ Ẹtì. Bí mi ò bá sọ níwájú ẹbí pé irọ́ lo pa, kí n kó jáde."

Mo ní, "Ẹ kó jáde, Ìyá. Ẹ wá bá mi ní Kútọnu."

Ó ní, "Ta ni kí n fi bàbá rẹ sílẹ̀ fún?"

Bí mo ṣe gbéra wálé lọ́jọ́ Ẹtì nìyẹn, tí àwọn ọmọ àbúrò bàbá mi pàdé mi ní ibùdókọ̀. Mo fi aṣọ dí ẹnu, mo gun alùpùpù lọ sí Idigny, ẹ̀jẹ̀ ń kán sí ẹ̀yìn ẹni tó gbé mi. Gbogbo ẹbí ti jókòó nígbà tí mo dé. Baálé wà lórí àga, àbúrò bàbá mi wà ní ọ̀tún rẹ̀, irun rẹ̀ ti funfun, ikùn rẹ̀ ti yọ. Àwọn ìyàwó ilé jókòó sílẹ̀ lápá kan. Ìyá mi wà lórí ìkúnlẹ̀ láàárín. Ó wo ẹnu mi, ó yára gbójú kúrò.

Baálé ní, "Ìyàwó wa, o gbọ́ orin tí ọmọ rẹ kọ?"

"Mo gbọ́ ọ, ọkọ mi."

"Ẹyin lọ̀rọ̀, o mọ̀. Ṣùgbọ́n a lè kó èyí tó fọ́ yìí. Sọ pé ọmọ rẹ purọ́ láti fi wá oúnjẹ. A ó forí jì í. Yàrá rẹ nìyẹn, ọkọ rẹ wà níbẹ̀, ẹnikẹ́ni ò ní lé ọ."

Mo mọ̀ pé ó máa sọ ọ́. Mo fẹ́ kó sọ ọ́ pàápàá. Lójú ẹsẹ̀ yẹn, mo ti ṣe tán láti jẹ́ òpùrọ́ kí ìyá mi lè rí ibi sùn. Ó la ẹnu, ó ní, "Ọmọ mi, ọmọ mi yìí, ẹnu rẹ̀..." Àbúrò bàbá mi ni kò lè mú sùúrù. Bóyá ojú tì í pé obìnrin ló fẹ́ gbà á. Ó nàka sí mi.

"Ẹ bi olórin yín léèrè. Ta ló gbé ọmọ odó lé mi lọ́wọ́? Gbogbo ilé yìí ló rí i. Tí jándámù bá máa gbé mi lórí orin yìí, a jọ ń lọ ni. Màá sọ pé òun ló pa á."

Ìyá mi dìde lórí ìkúnlẹ̀. Ó kọjú sí i, ó pe orúkọ rẹ̀. Kì í ṣe orúkọ omi. Orúkọ tí ìyá rẹ̀ àti bàbá rẹ̀ sọ ọ́ ni, orúkọ tí kò tíì ti ẹnu ìyá mi jáde láti ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n tó ti wà nílé wa. Mi ò mọ̀ pé ó tiẹ̀ mọ̀ ọ́n pè. Ìyàwó kan fi ọwọ́ bo ẹnu, òmíràn dìde kúrò níbẹ̀.

Ó ní, "Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni. Ìwọ ni àgbà. Ìwọ lo pa á."

Àbúrò bàbá mi gbá a létí. Ìyá mi ṣubú lu odó. Èmi ò rántí bí mo ṣe dìde. Àpótí ìjókòó kan ni mo rí lọ́wọ́ mi, mo gbá a mọ́ àbúrò bàbá mi lórí, iwájú orí rẹ̀ là, ó kúnlẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ bò ó lójú. Inú mi tún dùn. Mo gbé àpótí náà sókè lẹ́ẹ̀kejì, ìyá mi sì di apá mi mú láti ilẹ̀ tó wà.

Ó ní, "Ṣé o fẹ́ kí n tún lọ wá eérú ni?"

Ọwọ́ mi wálẹ̀. Àwọn ọkùnrin ti bò mí nígbà yẹn, mi ò sì jà padà mọ́. Nígbà tó rẹ̀ wọ́n, baálé ní kí wọ́n kó ẹrù ìyá mi síta. Àpò gàrí kan, ìkòkò mẹ́rin, aṣọ nínú báàgì. Ìyá mi ní kí wọ́n jẹ́ kí òun wọ yàrá lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà. Ó pẹ́ níbẹ̀ díẹ̀, ó jáde, kò sì gbé ẹní rẹ̀.

A jókòó lórí ẹrù ní ẹ̀bá ọ̀nà, à ń dúró de alùpùpù. Gbogbo ara ń ro mí. Eruku pupa ti bo ẹsẹ̀ ìyá mi, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ sì ti wú. Mo bẹ̀ ẹ́ títí. Ó ń wo oko àgbàdo tó wà níwájú wa.

Nígbà tó yá, ó ní, "O kọrin pé mo panu mọ́."

Mo ní, "Ẹ dárí jì mí."

"Ta lo rò pé mo panu mọ́ fún? Àbúrò bàbá rẹ? Tí mo bá lọ sọ́dọ̀ jándámù lọ́jọ́ yẹn, ìbéèrè àkọ́kọ́ ni pé ta ló gbé igi wá. Mo rí ọ. Mo ń wò ọ́ nígbà tí o ń gbé e. Ìdí tí mo fi sun ún nìyẹn. Ìdí tí mo fi lé ọ lọ sí Kútọnu nìyẹn, kí ẹnikẹ́ni má bàa rí ọ bi léèrè. Ẹni tó ṣu ní í gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé."

Gbogbo ọdún tí mo fi bínú sí i, òun ló fi ń ṣọ́ mi. Mo ti bú u fún gbogbo Kétu gbọ́, pẹ̀lú ìlù.

Alùpùpù dé. Mo ní Kútọnu là ń lọ. Ó ní rárá, Odomèta ni. "Mi ò ní ilé tí mò ń ṣọ́ mọ́."

Ó mọ ọ̀nà ilé ọkùnrin tí wọ́n pa náà. Mi ò bi í bó ṣe mọ̀ ọ́n. Obìnrin kan ń ṣa àgbàdo lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀, kò dàgbà tó bí mo ṣe rò. Ìyá mi kí i, ó ní láti Idigny la ti ń bọ̀, pé a ní ọ̀rọ̀ kan nípa ọkọ rẹ̀ tó ti kú. Obìnrin náà gbọn àgbàdo kúrò lára aṣọ, ó fún wa ní àpótí, ó ní, "Kí ló ṣe ọmọ yín lẹ́nu?" Kí ìyá mi tó dáhùn, ọmọbìnrin kan wọlé láti ilé ìwé, pẹ̀lú aṣọ kakí, ó fi okùn fóònù tí wọ́n fi ń gbọ́ orin sétí. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún. Inú oyún ló wà lọ́jọ́ yẹn.

Ó wò mí, ó tún mi wò. Ó ju àpò ìwé sílẹ̀. Ó pe orúkọ tí mò ń jẹ́ nínú àwo, ó pàtẹ́wọ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ègbè orin keje níwájú mi, ó ń fi ìka ọwọ́ kà á: ọ̀kan, ó ní òun kọ́, èjì, ó pe ìyá rẹ̀, ẹ̀ta, ó dákẹ́. Kò ṣi ọ̀rọ̀ kan pè. Ìyá rẹ̀ ń rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Orin yìí ló fi ń da ilé rú lójoojúmọ́. Èmi náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ̀ ọ́n tán."

Ọmọ náà jókòó sílẹ̀ níwájú mi. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, àwa ní kíláàsì ń jiyàn lé e. Ọkùnrin tí wọ́n pa nínú orin yẹn, ṣé ó wà lóòótọ́, àbí ẹ kàn ronú rẹ̀ ni?"

Mo wo ìyá mi. Ó wo ilẹ̀. Ó ti dákẹ́ fún mi tó.

Mo dọ̀bálẹ̀ lórí àgbàdo. Mo ní, "Bàbá rẹ ni. Èmi ni mo gbé ọmọ odó wá."